Opó Inú Fíìmù Ogun

Ẹnu mi mú, mi ò ní purọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ lọ́yà ni mo ṣe ni, adájọ́ gan-an á máa fi Ọlọ́run bẹ̀ mí. Nǹkan tó sì máa ń jẹ́ kí ẹnu yẹn mú jù ni fíìmù Yorùbá àtijọ́. Àwa kan tí a fẹ́ràn wọn ní gúrúùpù lórí fóònù, àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé báyìí ni òṣèré kan wí, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ já a ní koro. Wọ́n ń pè mí ní Kọmíṣánnà Fíìmù. Mo rò pé iyì ni.

Nínú gbogbo fíìmù náà, ọ̀kan wà tí mo mọ̀ láti orí dé ìrù. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni, ó dá lórí ìgbà ogun, nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ wa lọ jà ní Bọ́mà. Ọ̀gá sójà òyìnbó kan dé sí abúlé, ó fẹ́ kí wọ́n la ọ̀nà tí ọkọ̀ ológun máa gbà. Ó ní òun gbọ́ Yorùbá, òun ò fẹ́ ògbufọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá pọ́nńbélé ló ṣe òyìnbó náà o, àtíkè ni wọ́n fi kùn ún lójú. Tó bá ti làágùn báyìí, dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́bàá etí.

Mo ní fíìmù yìí lónírúurú. Mo ní èyí tó wà lórí síídì, apá kìíní àti apá kejì, tí mo rà ní Dùgbẹ̀ nígbà tí síídì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde. Mo ní ti DVD, irú èyí tí wọ́n rọ fíìmù mẹ́wàá sínú àwo kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n sì tún un gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní àwọn ti fọ àwòrán rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo sanwó, mo wò ó. Mo wá jókòó, mo fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra fún gúrúùpù. Mo ní àwòrán ti síídì pupa bí ẹni fi epo rá a. Mo ní ti DVD, ohùn ń ṣáájú ẹnu, àwòrán rẹ̀ sì gé àwọn òṣèré lórí. Mo ní tuntun yìí mọ́ débi pé a ń rí ibi tí àtíkè parí sí lọ́rùn òyìnbó. Àwọn èèyàn ń kan sáárá sí mi.

Ibì kan wà tí mo kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lé lórí. Òyìnbó náà dúró láàrin ọjà, ó fẹ́ sọ pé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan gbé ọkọ́ rẹ̀ wá lọ́la, kí wọ́n fi ro ọ̀nà. Ohùn ò bá a mu. Ohun tó sọ ni pé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan gbé ọkọ rẹ̀ wá. Àwọn obìnrin wo ara wọn lójú. Ibẹ̀ ni apá kìíní ti parí lórí síídì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ká lọ wá apá kejì, wọ́n sì polówó fíìmù bíi mélòó kan tẹ̀ lé e. Tí o bá wá fi apá kejì sí i, wọ́n ti la ọ̀nà tán, àwọn obìnrin jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń di ìbàdí mú, wọ́n ń kérora. Mo kọ ọ́ sí gúrúùpù pé àwàdà kékeré ni ti ọkọ àti ọkọ́ yẹn, pé ẹni tó kọ fíìmù náà ò mọ bó ṣe máa lò ó, ó kàn jù ú sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá wa kú lọ́dún tó kọjá. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, mo lọ kó Bàbá mi kúrò ní Moníyà wá sọ́dọ̀ mi ní Bódìjà. Wọn ò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n wọ́n gbà, torí mo ní kí wọ́n máa fi mọ́tò wọn lọ wo ilé àti àwọn adìyẹ wọn nígbàkígbà tó bá wù wọ́n. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, bàbá tó máa ń bá rédíò jiyàn sì ni. Tí asọ̀ròyìn bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, wọ́n á dá a lóhùn látorí àga.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n ti pẹ́ tí wọn ò rí ara wọn yà kí wa. Kò tíì gbọ́ pé ìyá wa ti kú. Ó kí Bàbá tán, ó bèèrè pé ìyàwó ńkọ́. Bàbá wò ó, wọ́n ní, "Tèmi wà nínú ilẹ̀." Ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn. Àlejò ò mọ èyí tí ì bá ṣe, bóyá kó bá wọn rẹ́rìn-ín ni tàbí kó kí wọn kú ọ̀fọ̀. Ojú gbà mí tì.

Nígbà tí àlejò lọ, mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní inú fíìmù ogun yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wà. Wọ́n ní nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn obìnrin gbé ọkọ wọn wá lóòótọ́. Òmíràn pọn tirẹ̀. Òmíràn fi òṣùká ru tirẹ̀ bí igi ìdáná. Ìyálé àti ìyàwó tí wọ́n jọ ní ọkọ kan ṣoṣo gbé e sáàrin ara wọn, wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò mú apá orí. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni opó arúgbó kan dé lọ́wọ́ òfìfo. Òyìnbó bi í pé tirẹ̀ dà. Opó ní tòun wà nínú ilẹ̀. Òyìnbó, tó rò pé ọkọ́ ló rì mọ́lẹ̀, pàṣẹ pé kó lọ hú u wá. Opó náà wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, bí o bá lè bá mi hú u, màá dúpẹ́."

Bàbá ní nígbà tí èmi wà ní yunifásítì níta ìlú ni àwọn àti ìyá wa wò ó, ní ilé wa àtijọ́ ní Challenge, láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn sì ti di tàwọn méjèèjì. Tí Bàbá bá ń wá fìlà, ìyá wa á ní ó wà nínú ilẹ̀, kí wọ́n lọ hú u. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi wò ó, ará àdúgbò kan ló yá a, kò dá a padà mọ́.

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó rí ohun kan tó ṣì ń pa á lẹ́rìn-ín, kí ló kan Kọmíṣánnà Fíìmù níbẹ̀? Mo ní, "Bàbá, kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù yẹn." Wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Mo ní kò sí. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ní ohun tí àwọn fi ojú àwọn rí ni. Mo bá gbé síídì jáde.

Mo mú Bàbá tó bí mi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bí ọmọ iléèwé tó gba òdo. Apá kìíní ń parí lọ, Bàbá ní yóò kàn án báyìí. Apá kejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní bóyá iwájú ni. Ó tán, kò sí. Mo fi DVD sí i, kò sí. Mo ṣí tuntun orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí. Nígbà tó fi di ẹ̀kẹta, wọ́n kàn tẹjú mọ́ ọn, ọwọ́ wọn wà lórí orúnkún. Nígbà tó tán, wọ́n ní ó dáa, bóyá ibòmíràn ni àwọn ti rí i. Wọ́n tún ní, "Àbí mi ò rí i rárá ni." Inú mi dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn nítorí pé mo borí.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí, torí mo ti gbọ́ bí àìsàn ìgbàgbé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lára àwọn àgbà. Mo gbé wọn lọ rí dókítà kan ní Ring Road. Mo rò ó lójú Bàbá pé wọ́n ti ń rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí, mo sì fi fíìmù náà ṣe ẹ̀rí. Dókítà bi wọ́n ní ìbéèrè oríṣiríṣi, wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ò rí nǹkan tó burú, pé ọ̀fọ̀ lè da èèyàn láàmú, ká ṣì máa wò ó ná. Ṣùgbọ́n èmi ti ní ẹ̀rí tèmi lọ́wọ́, àní ẹ̀rí mẹ́ta. Nígbà tí a délé, mo ní kí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn fún mi, pé kò sí pé wọ́n ń dá nìkan lọ sí Moníyà mọ́. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Bàbá tó ń bá rédíò jà ò bá mi jà. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ náà lápò, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bi mí ní gbogbo nǹkan. Ṣé àwọn ti kírun Àsárì? Ṣé lóòótọ́ ni ẹnì kan pe àwọn lánàá, àbí àwọn lá a lálàá ni? Wọ́n sì dẹ́kun àtimáa sọ̀rọ̀ ìyá wa. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ máa purọ́ mọ́ òkú. Mo gbọ́ ọ ketekete, mo sì sọ fún ara mi pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan nínú gúrúùpù kọ ọ́ pé kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà, èyí tó kọ́kọ́ jáde, wà nínú ẹrù tí ọkọ òun fi sáyé lọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní mo ti rí ìkẹrin tí màá fi kún àfiwé mi. Mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìyá náà ní Onírèké. Àwòrán kásẹ́ẹ̀tì náà ti ṣá, ìlà funfun ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, ohùn rẹ̀ ń hó ṣùù. Mo ti ń to èébú rẹ̀ jọ lọ́kàn. Òyìnbó dúró láàrin ọjà, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ wọn wá. Mo nawọ́ sí omi tí wọ́n gbé fún mi, torí ibẹ̀ ni apá kìíní máa ń parí sí.

Kò parí. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́ lábúlé, àwọn obìnrin sì ń gbé ọkọ wọn bọ̀. Ẹni tó pọn tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó fi òṣùká rù ú wà níbẹ̀. Ìyálé àti ìyàwó ń jà sí apá orí. Ìyá onílé ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ lu itan. Nígbà tí opó náà yọ lẹ́yìn wọn lọ́wọ́ òfìfo, mo gbé omi náà sílẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ ni Bàbá mi ti sọ fún mi, wọn ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, wọn ò sì fi ọ̀kan kún un. Mo sunkún nílé ẹni tí mi ò mọ̀ rí, ìyá náà sì rò pé ọkọ tèmi náà ti kú ni.

Ibẹ̀ ló ti wá yé mi. Síídì kan kì í gbà ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ẹni tó pín fíìmù náà sí méjì fẹ́ àyè fún ìpolówó rẹ̀, ó sì gé ohun tó bá ní ìparí apá kìíní dànù. Ara síídì yẹn ni wọ́n ti da ti DVD kọ, ara rẹ̀ náà ni wọ́n ti fọ tuntun tónítóní. Ẹ̀dà mẹ́ta tí mo fi ṣe ẹlẹ́rìí, ìyá kan náà ló bí wọn. Àwọn obìnrin tó ń di ìbàdí mú lábẹ́ igi sì ti ń sọ fún mi tipẹ́ pé àwọn ru ẹrù wúwo, èmi ni mi ò bi wọ́n pé ẹrù kí ni. Àwọn àgbà ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà Bàbá mi ni kásẹ́ẹ̀tì yẹn, èmi ni mo sì sọ fún wọn pé ìhòhò ni wọ́n wà.

Ìyá náà yá mi ní kásẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ rẹ̀. Mo gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi dé Bódìjà, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, èmi sì ni mo jẹ́ kó bọ́. Nígbà tí mo wọlé, Bàbá jókòó ní pálọ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀, wọn ò dá a lóhùn. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sórí àpótí iwájú wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ jàre. Ó wà níbẹ̀. Èmi ni mi ò mọ̀." Wọ́n ní kò séwu, kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé torí mi ò fẹ́ kí inú àwọn bàjẹ́ ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò mú kọ́kọ́rọ́ náà.

Mo so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mi ò wo fíìmù, ojú wọn ni mo ń wò. Nígbà tí àwọn obìnrin gbé ọkọ wọn dé, ẹnu Bàbá là díẹ̀, wọ́n tún pa á dé. Opó náà dé, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òyìnbó ní kó lọ hú u wá. Mo rí i tí ẹ̀rín dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, tó sì dúró síbẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi.

"Ṣé ìwọ náà rí i?"

Mo ní mo rí i. Mo ní bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí.

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní kí n má bínú, àwọn kàn ní kí àwọn kọ́kọ́ bi mí ná kí àwọn tó rẹ́rìn-ín.