Dòdò Mẹ́rin Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Àwọn ará ọ́fíìsì ní orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń pe iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà náà, ṣùgbọ́n amí ilé oúnjẹ ni èmi ń pe ara mi. Wọ́n á rán mi lọ sí ilé oúnjẹ kan bí oníbàárà lásán. Màá ra oúnjẹ, màá jókòó, màá sì máa wo gbogbo nǹkan: ṣé wọ́n kí mi kí n tó dé kaúńtà, ṣé tábìlì mọ́, ṣé oúnjẹ gbóná, ṣé ọṣẹ wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí mo bá délé ní Agége, màá dáhùn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù lórí fóònù mi, màá fi fọ́tò oúnjẹ náà tì í, ó di ọ́fíìsì. Àwọn tó ni ilé oúnjẹ gan-an ló ń bẹ̀ wá níṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ni kò gbọdọ̀ mọ̀.

Kí n tó dé ìdí iṣẹ́ yìí, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo lò nílé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà. Iwájú bẹ́líìtì tó ń gbé bisikíìtì kọjá ni mo máa ń dúró sí, tí màá máa ṣa èyí tó fọ́ àti èyí tó jóná kúrò. Nígbà tí wọ́n kógbá sílé, wọ́n lé gbogbo wa, ṣùgbọ́n ojú mi ò gbọ́ pé wọ́n ti lé òun náà. Bí wọ́n bá gbé àkàrà síwájú mi, kí n tó kí ẹni tó gbé e wá, mo ti rí èyí tó jóná níbẹ̀. Ọkọ mi máa ń sọ pé òun ò tíì rí obìnrin mìíràn tí wọ́n ń sanwó fún nítorí àtirí àléébù.

Ọmọ ẹlẹgbẹ́ mi kan nílé iṣẹ́ bisikíìtì ló mú mi wọ iṣẹ́ amí. Òun náà ló wá di ọ̀gá mi. Ọmọ tí mo pọ̀n ní kékeré ló wá ń kìlọ̀ fún mi pé, “Màmá, ẹ má fi ara yín hàn o. Ọjọ́ tí ẹ bá ti fi ara yín hàn ni iṣẹ́ yín parí.” Èmi kọ́, mi ò jẹ́ fi ara mi hàn. Ta ni yóò fura sí ìyá àgbà tó ró àǹkárá tó ti ṣá, tó wọ sálúbàtà, tó ń wá ibi tí fáànù wà kó tó jókòó? Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mi ò ní purọ́. Ó dùn mọ́ mi láti mọ ohun tí àwọn tó wà níwájú mi ò mọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n rán mi lọ sí ilé oúnjẹ kan ní Ìkẹjà, lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá máa ń gbà lọ jẹun. Wọ́n ní kí n ra ìrẹsì nìkan, kí n má ra ẹran, kí n má ra ẹja, nítorí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá òṣùwọ̀n ìrẹsì wọn pé. Ṣíbí ńlá méjì ni òṣùwọ̀n. Obìnrin kan tó lè tó ọgbọ̀n ọdún ló wà ní kaúńtà. Bó ṣe rí mi, ó tẹ orúnkún díẹ̀ níbi tó dúró sí.

“Ẹ káàsán mà. Ẹ kú oòrùn.”

Mo ní kó bu ìrẹsì fún mi.

“Ìrẹsì nìkan, mà? Ẹ ò fẹ́ ẹran?”

Mo ní ìrẹsì nìkan. Ó wò mí, ó wo ìró mi. Ó bu ṣíbí méjì, ó dúró díẹ̀, ó sì fa àwo dòdò mọ́ra. Ó ṣa mẹ́rin lé ìrẹsì náà lórí.

“Ẹ fi jẹ ẹ́, mà. Èènì ni.”

Nígbà tí mo délé, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, ni mò ń tẹ̀ sí gbogbo ìbéèrè. Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, wọ́n máa ń bèèrè bóyá ohun mìíràn wà tí a fẹ́ sọ. Òfìfo ni mo máa ń fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo kọ ọ́ kún. Mo ní obìnrin yìí ní ẹ̀kọ́ ilé, pé ó fi dòdò mẹ́rin ṣe èènì fún mi láìjẹ́ pé mo bèèrè, pé irú rẹ̀ ló yẹ kó wà ní gbogbo kaúńtà. Mo kà á sétí ọkọ mi. Ó ní, “Ṣé òun ló ni dòdò?” Mo ní kó gbájú mọ́ rédíò rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀gá mi pè mí.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ojú yín mà mú o. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ni ilé oúnjẹ yẹn ti ń wá ẹni tó ń fi oúnjẹ wọn tọrẹ.”

Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ó wá ṣàlàyé. Wọ́n ti ní kí obìnrin náà lọ jókòó sílé. Tó bá di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọn yóò pè é, wọn yóò lé e, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé olè ló jà. Ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tún gbà á sí kaúńtà oúnjẹ ní gbogbo Ìkẹjà?

“Ṣebí mo yìn ín ni,” mo wí.

“Mo mọ̀, Màmá. Àwọn ò ka ìyìn. Dòdò ni wọ́n kà.”

“Sọ fún wọn pé ojú mi ṣì í.”

“Màmá, fọ́tò wà.”

Òótọ́ ni. Èmi tí mo mọ fọ́tò yà ni mo ya dòdò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó hàn kedere. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn ò sọ pé èyí tí a fi ń yin èèyàn náà lè fọ́ sórí ẹni tí a ń yìn. Ọ̀gá mi wá fi kún un pé bó bá ṣe pé èmi ni mo ráhùn pé oúnjẹ kéré ni, òfin wọn gbà kí òṣìṣẹ́ bu nǹkan lé e. “Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò bèèrè,” ó wí, ó sì pa fóònù.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo múra, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ bá máníjà ilé oúnjẹ náà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti lanu, iṣẹ́ tèmi náà parí nìyẹn. Mo là á. Mo ní èmi ni amí tí wọ́n rán wá. Mo ní mo kọ fọ́ọ̀mù náà láìpé, pé èmi ni mo jà, pé mo sọ fún obìnrin náà pé ìrẹsì yẹn ò tó ọmọdé jẹ, àfi bó ṣe bu dòdò lé e kí n lè dákẹ́. Mo sọ ọ́ dáadáa. Mo fi ìbínú díẹ̀ sí i. Iṣẹ́ amí ti kọ́ mi ní irọ́ pípa ju bí mo ṣe rò lọ.

Inú máníjà náà tilẹ̀ dùn. Ó ní ọkàn òun ò sinmi láti lé e, pé òṣìṣẹ́ gidi ni. Ó mú ìwé tí yóò fi dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ jáde, ó mú bírò. “Ẹ jẹ́ n kàn pè é wọlé kó fọwọ́ sí i, mà. Ọ̀rọ̀ ti parí.”

Obìnrin náà wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí mi kí wọ́n tó sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Máníjà bi í bóyá mo ráhùn lọ́jọ́ náà. Mo wojú rẹ̀. Mo ṣẹ́jú sí i, irú èyí tí ìyá fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ tí àlejò bá wà ní pálọ̀. Ó rí i. Mo mọ̀ pé ó rí i.

“Rárá, sà. Màmá ò bèèrè. Mo rí i pé ìrẹsì lásán ni wọ́n fẹ́ jẹ, ló jẹ́ kí n fún wọn.”

Máníjà gbé bírò sílẹ̀. “Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?”

“Mo mọ̀, sà. Mi ò lè jẹ́ kí àgbà purọ́ nítorí tèmi.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Tèmi ò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Máníjà mú ìwé kejì jáde, ó sì kọ ohun tí òfin wọn ní kó kọ.

Ìta ni mo ti bínú sí i. Mo bínú gan-an. Mo ní kí ló dé, ṣé kò rí ojú mi ni, ṣé ó mọ ohun tí mo fi sílẹ̀ kí n tó wá síbẹ̀?

“Ẹ má bínú, mà. Mo rí ojú yín.” Ó ká ìwé náà, ó fi sínú báàgì rẹ̀. “Ká ní mo sọ pé ẹ bèèrè ni, ẹ̀rù yín ló jẹ́ kí n fún yín nìyẹn. Mi ò bẹ̀rù yín. Ó wù mí kí n fún yín ni.”

A jọ rìn dé ìdí ọ̀nà, kó lè rí bọ́ọ̀sì wọ̀. Ó tún tẹ orúnkún láti dágbére, ó wá dúró.

“Ṣùgbọ́n ṣé ẹ jẹ ẹ́ yó lọ́jọ́ náà, mà?”

Mo ní, “Mo yó, ọmọ mi.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Lọ́jọ́ tó fún mi ní dòdò, ilé oúnjẹ tiwọn ni ìkẹta tí mo wọ̀, mo ti yó kí n tó débẹ̀. Nígbà tí mo ya fọ́tò tán, mi ò fọwọ́ kan dòdò náà rárá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹni tó ń kó àwo gbọ̀n sínú garawa ìdọ̀tí níṣojú mi.