Ṣẹ́ẹ̀tì Alátẹ́gùn Tí Mo Rà ní Ìlọrá

Ìwà òmùgọ̀ ni mo hù, ó sì sàn kí èmi fúnra mi sọ ọ́ ju kí àwọn ará ilé mi máa bá mi sọ ọ́ kiri: mo ra ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ aránṣọ, n kò bèèrè àwọn tí wọ́n torí wọn rán an. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀hún sin mí.

Ooru ló fà á. Ẹni tí kò bá tíì gbé Fìdítì nígbà tí òjò máa ń ṣú tí kì í rọ̀, kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ni mò ń ṣe. Ẹ̀rọ á máa gbóná, èmi náà á máa gbóná. Àbúrò ìyàwó mi wá ra ṣẹ́ẹ̀tì dídán kan fún mi láti Ìbàdàn, irú èyí tí kì í rún. Ọjọ́ kan péré ni mo wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ ọ, ṣe ni mò ń bó o kúrò lára bí ẹni ń bó awọ ewúrẹ́. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n ní ti aṣọ ìgbà ooru, mo lè kọ́ tíṣà. Màá fi aṣọ bo ẹnu, màá fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí atẹ́gùn kò bá bọ́ sí òdìkejì, òógùn náà kò ní ríbi gbà. Màá fún un mọ́wọ́: òwú gidi á rún, aṣọ ọ̀rá á na ara rẹ̀ padà bí ẹni pé a kò ṣe é ní nǹkan kan. Kọ́là kò gbọdọ̀ le, abẹ́ abíyá sì gbọ́dọ̀ fẹ̀.

Obìnrin aránṣọ kan ní Ìlọrá ló ní ohun tí mò ń wá. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, àǹkárá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ewé, àwòrán àdàbà funfun ló wà lára rẹ̀. Apá rẹ̀ kúrú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó kọjá. Mo fún un, ó rún.

"Ẹgbẹ́ kan ló rán an," obìnrin náà wí. "Àwọn mẹ́ta nínú wọn ni ò wá gba tiwọn."

"Kí ló dé?"

"Wọn ò sí nílùú mọ́."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bèèrè pé ẹgbẹ́ wo. Níbí yìí, ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá wọ ankò ẹgbẹ́ ti di ọmọ ẹgbẹ́? Àdàbà ló tàn mí. Mo rò pé ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, mo sì ra ọ̀kan.

Ní Mọ́ńdè, mo wọ̀ ọ́ lọ sí gáréèjì Ìlọrá láti ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ mi. Bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ọkùnrin kan sáré pàdé mi. Irú ṣẹ́ẹ̀tì mi ló wọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ́. Ẹ gba èyí." Ó ki ọ̀pá irin kan bọ̀ mí lọ́wọ́.

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tó ogún ọkùnrin, gbogbo wọn wọ àdàbà. Àṣé àwọn onímọ́tò tí wọ́n lé kúrò ní gáréèjì náà ni, wọ́n fẹ́ wá gbà á padà lónìí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́líìtì ni mo wá rà," ni mo wí.

"Bí a bá ṣe tán, a ó jọ rà á."

Ìgò ló kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn ìgò, àdá. Àwọn ti inú gáréèjì tú jáde bí tanpẹ́pẹ́, wọ́n sì ṣá ọkùnrin tó fún mi nírin léjìká. Ẹran ara rẹ̀ kọ́kọ́ funfun kí ẹ̀jẹ̀ tó rántí jáde. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé aṣọ tó ń gba atẹ́gùn wọlé ń gba àdá wọlé náà. Wọ́n ti gbé ẹlòmíràn ṣubú, wọ́n ń fi bàtà gún un lórí, ó ń dún gbì, gbì, kò sì ké mọ́. Mo ju irin mi sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ara mi ló bà lé. Èmi nìkan ni mo fi irin náà ṣe léṣe.

Mo sáré. Mo fẹ́ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà lórí eré, ṣùgbọ́n n kò ráyè tú bọ́tìnnì. Mo fà á gba orí, ó há sí àgbọ̀n mi. Báyìí ni mo ṣe ń sáré láìríran, ọwọ́ méjèèjì lókè, ikùn níta, títí mo fi kọlu ògiri. Mo rá pálá wọ abẹ́ àtíbàbà ìyá àgbà kan tó ń yan gàrí, mo sì lúgọ sẹ́yìn ààrò rẹ̀.

Méjì nínú àwọn ti inú gáréèjì tọ̀ mí wá. Èyí tó mú àdá fa ṣẹ́ẹ̀tì náà ya kúrò lójú mi.

"Ta ni ọ̀gá yín?"

"N kò ní ọ̀gá. Ooru ló mú mi."

Ó fi pẹlẹbẹ àdá gbá mi létí. Ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni kù sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́," ó wí fún ẹnìkejì rẹ̀. "Mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wá."

Èyí kejì fa ọwọ́ mi, ó tẹ́ ẹ lé ìtì igi. Ọwọ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn, òun náà ni mo fi ń ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo fẹ́ sọ ti aránṣọ, mo fẹ́ sọ ti akọrin, mo fẹ́ sọ pé Fìdítì ni mo ti wá. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ó ń gba atẹ́gùn."

Èyí tó mú àdá gbé e sókè.

Ìyá àgbà náà kò tíì dáwọ́ gàrí dúró láti ìgbà tí mo ti wọlé. Ó wá yọ igbá tó fi ń rò ó, ó fi tọ́ka sí ilẹ̀ lábẹ́ mi.

"Ẹ wo ibi tó jókòó sí," ó ní. "Ó ti tọ̀ sílẹ̀ ààrò mi. Bó bá jẹ́ irú eléyìí ni wọ́n kó wá bá yín jà, ẹ lọ jókòó sí gáréèjì yín, ẹ ti borí."