Ṣé Ó Ń Lọ Ni àbí Ó Ń Bọ̀?

Ọjọ́ Ẹtì ni ìránṣẹ́ wá sílé wa ní Amùkokò, láti ọ́fíìsì àwọn tó ni ọkọ̀ òkun tí àbúrò mi ọkùnrin ń bá ṣiṣẹ́ ní Àpápá. Ó ní kí ìyá mi wá ní ọjọ́ Ajé. A bi í pé kí ló dé, ó ní wọn ò sọ fún òun, ó sì yára bá tirẹ̀ lọ. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí a ti gbúròó àbúrò mi kẹ́yìn láti orí òkun. Ìyá mi kò fi oúnjẹ kan ẹnu lọ́jọ́ náà.

Ní tèmi, tí ara mi ò bá balẹ̀, àfi kí n wá nǹkan gé. Mo máa ń kun pátákó pẹlẹbẹ ní ọ̀dà, màá wá fi abẹ gé òjìji èèyàn lára páálí líle tó máa ń wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, màá kùn ún ní dúdú, màá sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọ̀dà náà. Kò ní ojú, kò ní imú, ṣùgbọ́n tí mo bá ti gé èjìká èèyàn bó ṣe rí, gbogbo àdúgbò á mọ ẹni tó jẹ́.

Ní Sátidé, mo kun omi Marine Beach bó ṣe máa ń rí ní ìrọ̀lẹ́, pupa rúsúrúsú. Mo gé àbúrò mi: èjìká òsì tó máa ń dẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ìrìn ẹni tí kò kánjú, báàgì lọ́wọ́. Mo gbé e lọ síwájú ìyá mi bí òmùgọ̀.

Wọ́n wò ó títí.

“Ṣé ó ń lọ ni àbí ó ń bọ̀?”

Mi ò tíì ronú kan ìyẹn rí. Dúdú ni iwájú, dúdú ni ẹ̀yìn.

“Ó ń bọ̀, Mààmi.”

“Ojú ẹ̀ dà?”

“Òjìji ni. Kì í ní ojú.”

“Ẹni tó bá ń bọ̀ wá bá mi á ní ojú. Gbé e kúrò níwájú mi jàre.”

Inú bí mi. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ sọ di àmì búburú? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un wò ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rù bà mí. Ó ń lọ lóòótọ́. Mo ní kí n fi abẹ ṣí i kúrò, kí n kun ọkọ̀ òkun sẹ́yìn rẹ̀, kó lè hàn pé inú ọkọ̀ ló ti ń jáde bọ̀. Gọ́ọ̀mù náà kò jẹ́ kó ṣí. Páálí náà ya lọ́rùn. Orí àbúrò mi wà lọ́wọ́ mi kan, ara rẹ̀ wà lọ́wọ́ kejì. Mo kó o sábẹ́ ẹní, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé, a fẹsẹ̀ rìn dé Àpápá. Akọ̀wé obìnrin kan ṣí fáìlì.

“Mama, ẹ fọkàn balẹ̀, your pikin no die. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní pọ́ọ̀tù kan lókè òkun, kò padà sínú ṣíìpù mọ́. Ó ti sá lọ. A ò mọ ibi tó wà.”

Oṣù márùn-ún, kò lè kọ lẹ́tà kan! Mo yíjú sí ìyá mi kí a jọ bú u. Wọ́n ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, omi ń dà lójú wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi,” ni wọ́n ń sọ fún akọ̀wé tí mo fi ọjọ́ orí jù lọ, “ibi tó sọ̀ kalẹ̀ sí yẹn, ṣé òtútù ń mú níbẹ̀? Ṣé ó mú súwẹ́tà dání?”