Adájọ́ Inú Basement

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, òyìnbó kan ló gbé wálé. Àwòrán ni o, ẹ fara balẹ̀. Owó epo ti já wálẹ̀, Calgary ní Kánádà ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni ń gbálẹ̀, ilé iṣẹ́ epo tó ti ń ṣe ẹnjiníà sì ń palẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí kálukú mú ohun tó bá wù ú nínú ọ́fíìsì. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ mú àga, wọ́n mú kọ̀ǹpútà. Tèmi lọ tú àwòrán kan lára ògiri yàrá ìpàdé, ó gbé e wọ train, ó gbé e wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé e dé ilé wa ní Falconridge nínú snow.

Mo ní, "Ṣé àga tán níbẹ̀ ni?"

Ó ní, "Èyí ló wù mí."

Ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni, tó ti kú ó lé ní igba ọdún. Ayàwòrán ìgbà náà ló fi ọ̀dà yà á. Àdàkọ ẹ̀ lèyí, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ilẹ̀kùn. Ó wọ ẹ̀wù pupa, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun dé orúnkún, ó dé wíìgì funfun tó ká rúlurùlu sí etí méjèèjì, ó wá fọwọ́ kan sí ìbàdí bí ẹni tí kò fọ abọ́ rí láyé ẹ̀. Ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, dé láti daycare, ó ní, "Mommy, why does he have grandma hair?" Onílé kò gbà ká kan ìṣó mọ́ ògiri basement, yàrá abẹ́ ilé tí a háyà, nítorí náà ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọkọ mi gbé e lé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ washing machine.

Ó ti rẹ̀ mí tẹ́lẹ̀ kí ọlọ́lá tó dé. Ọsibítù ní Seton ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń wẹ àwọn arúgbó, mò ń yí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti Falconridge dé ibẹ̀, bọ́ọ̀sì, train, bọ́ọ̀sì. Tí mo bá padà wọlé, ọkùnrin yìí á máa wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo máa ń fi yunifọ́ọ̀mù mi kọ́ sí etí férémù ẹ̀, mo máa ń ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi dì í mú, ẹ̀yin náà ẹ ṣe nǹkan."

Ohun kan ṣoṣo ni ọkọ mi ń bẹ̀rù: kí bàbá ẹ̀ má gbọ́. Akọ̀wé kóòtù ni Bàbá fún ọgbọ̀n ọdún nílé ní Nàìjíríà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àyà sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. "Tí wọ́n bá gbọ́, ó máa pa wọ́n." Ó mú mi búra. Tí Bàbá bá ti bi mí, màá ní ó wà níbi iṣẹ́. Irọ́ yẹn ń rẹ̀ mí ju iṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀gá ọsibítù ní àwọn ti ní òṣìṣẹ́ tó, kí n máa lọ sílé. Ọ̀sán gangan ni mo wọlé, mo sì ń gbọ́ ohùn ọkọ mi nísàlẹ̀, ohùn ọ́fíìsì. Mo yọjú. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de táì, pijámà ló wà nísàlẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó kọ̀yìn sí ọlọ́lá, fóònù wà níwájú ẹ̀. Bàbá ń sọ nínú fóònù pé, "Adájọ́ ńkọ́? Bá mi kí wọn o. O kú iṣẹ́."

Ìgbà náà ló yé mi. Yàrá ìpàdé ọ́fíìsì yẹn ló ti máa ń pe Bàbá lórí fídíò lọ́sàn-án, tí Bàbá bá ti kírun alẹ́ tán lọ́hùn-ún. Bàbá rí wíìgì, wọ́n ní adájọ́ ni. Lójú akọ̀wé kóòtù, ta ló tún ń dé irú ẹ̀? Kò sẹ́ni tó lè yí wọn lérò padà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi kò fi mú àga. Àánú ẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi burúkú. O kú iṣẹ́! Èmi tí ẹ̀yìn ń ro yìí, ta ló kí mi?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bàbá pe fóònù tèmi níbi iṣẹ́.

"Ìyàwó mi, ṣé ọkọ rẹ ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, sà."

"Ṣé ó ń sùn?"

"Ó wà níbi iṣẹ́, sà."

Wọ́n ní, "Tẹ́lẹ̀, ó ní láti gbé fóònù sókè kí n tó rí ojú adájọ́. Ní báyìí, bàtà wọn ni mò ń rí lórí ilẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wà ní kóòtù. Ọjọ́ tí mo rí adájọ́ nílẹ̀, mo ti mọ̀ pé kóòtù ti dìde, iṣẹ́ ti tán."

"Ẹ wá dákẹ́, sà?"

"Ó de táì fún mi. Kí ni kí n sọ? Sọ fún un kó tú u, kó fi singlet pè mí. Mi ò ní kú."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Ó kàn dojú ọlọ́lá kọ ògiri. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, ó pe Bàbá, singlet ló wọ̀. Mo jókòó tì í. Bàbá wò ó títí. Wọn ò bèèrè adájọ́.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o kú ìrójú."

Ọkọ mi bú sẹ́kún. Bàbá dúró dè é títí ó fi nu ojú, wọ́n wá pè mí.

"Ìyàwó mi, ìwọ lo kú iṣẹ́."