Mọ́ínmọ́ín Màmá Kọ́ Ló Ń Kọ́kọ́ Wọlé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí èmi àti Bàbá fi kúrò nílé ní Ìsẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè yẹn, à ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Adó. Sátidé ni ìgbéyàwó mi. Bàbá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló yẹ kó fà mí lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n àrùn Pákínsìn ti ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n rìrì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Oṣù méjì ló ti ń lo oògùn, òfo ni. Mo ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa, inú ń bí mi burúkú.

Ọkọ̀ Pijó la wọ̀. Ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ kún fún kòtò, Bàbá sì di abọ́ mọ́ínmọ́ín Màmá mú pinpin. Ẹyin wà nínú rẹ̀, ẹja wà níbẹ̀. Òfin Màmá ni: a kì í lo oògùn lórí ikùn òfìfo. Bàbá jẹ méjì, ó gbé oògùn mì.

Ní Adó, dókítà, obìnrin kúkúrú kan tójú rẹ̀ le, yẹ oògùn náà wò.

"Ojúlówó ni. Kí lẹ fi ń lò ó?"

"Mọ́ínmọ́ín," ni mo fi ìgbéraga dáhùn.

Háà! Obìnrin yìí bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ohun kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ dopamíìnì, tó ń bá a jíṣẹ́ kí ara lè máa lọ geere. Ti Bàbá ti ń gbẹ. Lífódópà, oògùn wa, ni ọpọlọ ń sọ di dopamíìnì.

"Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà láti inú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni òun àti ẹ̀wà, ẹyin, ẹja jọ ń dù, oúnjẹ ló sì ń kọ́kọ́ wọlé. Omi ni kẹ́ ẹ fi lò ó, ní ààbọ̀ wákàtí kẹ́ ẹ tó jẹun. Kò ní wo àrùn náà sàn o, àmọ́ ẹ ó rìn."

Ojú tì mí. Ìfẹ́ la fi ń bá oògùn jà!

Lọ́sàn-án, Bàbá fi omi lò ó. Nígbà tó yá, a dúró ní Ìkẹ́rẹ́ de ọkọ̀ Ìsẹ̀. Mo ra bọ̀ọ̀lì tán, mo yíjú, Bàbá kò sí lórí bẹ́ńṣì mọ́. Mo wò yíká. Àṣé ó ti dé ẹnu ọkọ̀, ó ń ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀.

"Bàbá, ẹ rọra o," ni dírẹ́bà wí.

"Rọra kẹ̀? Ọmọ mi ló ń pẹ́!"

Màmá gbé abọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ ti dé ulé o! Mọ́ínmọ́ín rèé, gbígbóná."

Bàbá fà mí lọ́wọ́ kọjá lára rẹ̀. "Ìyá Ṣadé, ọwọ́ ẹ dùn, ṣùgbọ́n kó dúró níta ná. Oògùn ló ń kọ́kọ́ wọlé."

Màmá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bú sẹ́kún ayọ̀. Ní Sátidé, níwájú gbogbo ìjọ, èmi ìyàwó ni mò ń sọ ọ́ sí i létí pé: "Bàbá, ẹ rọra."