Omi Tí A Fi Kíjìpá Sẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún aṣọ tí mo fi sẹ́ ògì gbẹ tán lẹ́yìnkùlé ni, ọwọ́ mi ṣì ń run omi kíkan, nígbà tí ọmọ mi obìnrin jókòó sórí àpótí, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn sí mi létí. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ìlú òkèèrè tún ti rí kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí, òun ni ó sì ń fa àìsàn kan tí ó ti ń dààmú ènìyàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ká ní ẹ̀yin ará àtijọ́ ni wọ́n sọ eléyìí fún, ẹ ò ní gbà á gbọ́." Òórùn omi ògì yẹn ti gbé mi lọ sí agbolé wa ní Ọ̀kà, sí ọdún tí ìyá mi mú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti ọjà Ìkàrẹ́ bọ̀.

Ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà ni. Ọ̀nà ọkọ̀ kò tí ì gun òkè Ọ̀kà. Abẹ́ àpáta ni agbolé wa wà, bí òjò bá sì rọ̀, omi a máa ṣàn láti orí àpáta wá sínú ọ̀gọ̀dọ̀ ńlá kan tí gbogbo àdúgbò ń mu. Omi náà tutù, ó sì dùn lẹ́nu. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò fà sẹ́yìn, a ó sì wọ inú rẹ̀ dé orúnkún kí a tó lè fi igbá bù ú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí kan náà ni sòbìà máa ń yọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò rí sòbìà rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ máa yún, á wú, á lé róró bí ibi tí iná jó. Róró náà á bẹ́, ohun funfun kan bíi fọ́nrán òwú á sì yọrí. Ẹnikẹ́ni kì í fà á lójijì, nítorí bí ó bá já, ẹsẹ̀ á kẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni a máa ń ká a mọ́, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, ẹni tí ó ni ẹsẹ̀ á sì máa payínkeke. Àwọn àgbà kan ní iṣan ni. Àwọn mìíràn ní inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé, pé ìyá ni ó ń fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí ni ó fẹ́ ba ayé ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ́wùmí jẹ́. Wọ́n ti tọrọ rẹ̀ fún Àjàyí, ọmọkùnrin àdúgbò kejì, ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń wá bá bàbá wa kọ ebè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn méjì tẹ̀ léra, sòbìà kò jẹ́ kí Ọmọ́wùmí dìde lórí ẹní. Ni ìyá Àjàyí bá wá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, kò sì fọwọ́ kan obì tí a gbé síwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú o," ó ní. "Ọmọ yín dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ yìí bá wọ ilé wa, ta ni yóò máa gbin iṣu fún àwọn ọmọ-ọmọ mi? Bí ó bá tún yọ ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, kí oníkálùkù máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ."

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni ìyá mi, a sì máa lọ ná ọjà ìlú rẹ̀ déédéé. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ó bá ọkùnrin ìjọba kan pàdé lọ́jà, wólé-wólé onísòkòtò péńpé. Ó bu omi ọ̀gọ̀dọ̀ sínú ife díńgí, ó sì ń fi awò tí ń mú ohun kékeré tóbi han ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Àwọn ènìyàn sá fún un. Ìyá mi wò ó. Ó rí àwọn nǹkan wínníwínní tí ń ta pọ́n-ún nínú omi bí eégbọn. Ọkùnrin náà ní àwọn yìí ni ó gbé ọmọ sòbìà mì, àwa náà sì ń gbé wọn mì. Kí a fi aṣọ tí ó hun dáadáa sẹ́ omi kí a tó mu ún, kí ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà má sì wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀, nítorí ibẹ̀ ni sòbìà ti ń tú ọmọ rẹ̀ sínú omi. Ó wá kìlọ̀ pé èyí tí ó ti wọ ara yóò lò tó ọdún kan kí ó tó yọ, nítorí náà kí ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ lónìí má ṣe retí ìlera lọ́la.

Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, gbọ́ ọ tán, ó ṣe ṣùtì. "Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, kò sí ohun tí ẹ kì í rà lọ́jà. Ẹ tún ti ra ọ̀rọ̀ bọ̀."

Nílé wa, ìyàwó kì í lọ ilé ọkọ láìsí kíjìpá tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ti Ọmọ́wùmí ṣì wà lórí òfì tí ó dúró ti ògiri, kò tí ì dé ìdajì. Kò sí aṣọ mìíràn nílé tí ó hun pinpin tó bẹ́ẹ̀. Ìyá mi mú ọ̀bẹ, ó gé e sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Àgbà figbe ta. "O gé aṣọ ìyàwó!"

"Ìyá, bí kò bá sí ẹsẹ̀, ta ni yóò ró o?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ omi nìyẹn. Ẹni tí ó bá mọ kíjìpá yóò mọ̀ pé kì í yára jẹ́ kí omi kọjá. Bàbá mi á ti oko dé, òùngbẹ á ti gbẹ ẹ́, á dúró ti ìkòkò pẹ̀lú ahá lọ́wọ́ bí ẹni tí ń dúró de ìdájọ́. Àwọn aládùúgbò sọ wá di ẹlẹ́yà. "Ẹ kú ògì o!" ni wọ́n fi ń kí wa. "Ṣé èèrí omi yín pọ̀ lónìí?" Ìyá mi á dá wọn lóhùn pé, "Ó pọ̀. Ẹ wá gbé díẹ̀ fún ewúrẹ́ yín." Omi sísẹ́ ni a ń rọ sínú kèrègbè lọ sí oko. Ìyá Àgbà nìkan ni ó ní omi wa kò dùn lẹ́nu mọ́. Ó ń bu tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, sòbìà sì yọ lẹ́sẹ̀ Ọmọ́wùmí.

Ọmọ́wùmí fi ìró bo ojú. Ìyá Àjàyí ti ń bọ̀ lọ́nà kí a tó ránṣẹ́ sí i. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Omi èṣí ni eléyìí. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Ẹ fún wa ní ẹ̀ẹ̀rùn kan sí i." Obìnrin náà mi orí. Àjàyí, tí ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ni ó sọ̀rọ̀: "Èmi dúró ní tèmi. Ìyá, bí ẹ bá fẹ́ ẹlòmíràn fún mi, ẹ̀yin ni ẹ máa gbé e." Àwa ọmọdé bú sẹ́rìn-ín kí a tó rántí pé kò yẹ. Ìyá rẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbà.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi omi tí a kò sẹ́ kan ètè. Ẹ̀ẹ̀rùn náà le. Ọ̀gọ̀dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kò sì sí agbolé kan ní àyíká wa tí a kò ti gbọ́ igbe ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà. Lójoojúmọ́ ni ìyá mi ń fọwọ́ wo ẹsẹ̀ Ọmọ́wùmí láti orúnkún dé ọmọ ìka. Ẹsẹ̀ náà dán. Tèmi dán, ti bàbá mi dán. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo agbolé wa: Ìyá Àgbà.

Ìyá mi ni ó ń bá a ká a mọ́ igi, pẹ̀lú ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ó yá, Ìyá Àgbà na ahá rẹ̀ sí mi láìwo ojú mi, ó ní kí n lọ bu omi wá. N kò bi í pé èwo. Kí òjò tó dé, ìyá Àjàyí wá, ó jẹ obì wa, ó sì bèèrè lọ́wọ́ ìyá mi bí a ṣe ń so aṣọ náà mọ́ ẹnu ìkòkò. Kíjìpá mìíràn ni Ọmọ́wùmí ró lọ ilé ọkọ.

Ọkọ̀ ti ń gun òkè Ọ̀kà báyìí. Ìwọ̀nba ni òfì tí ó ṣì dúró ti ògiri. Sòbìà kò tí ì tán ní gbogbo abúlé, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé yóò tán, nítorí mo ti rí bí ó ṣe ń tán nínú ilé kan. Àwọn onímọ̀ yóò máa rí ohun tuntun; iṣẹ́ wọn nìyẹn. Àwọn kan yóò kọ́kọ́ ṣe ṣùtì, wọn yóò sì gbà nígbà tí ó bá kan ẹsẹ̀ wọn. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń mú mi lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní ọ̀nà jíjìn, Ìyá Àgbà sìn mí dé ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó súre fún mi títí. Mo ti ń lọ nígbà tí ó tún pè mí padà, ojú rẹ̀ le bí ti ẹni tí ó fẹ́ báni wí. N kò tún bá a láàyè lẹ́yìn ọjọ́ náà.

"Ọmọ mi," ó ní, "níbi tí ò ń lọ yẹn, ṣé wọ́n ń sẹ́ omi wọn?"