Afínjú àti Òkúta Inú Omi Iyọ̀

Ẹ má pè é ní ọ̀bùn o, bí ẹ ò bá fẹ́ kó bá yín jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Alágbàfọ̀ ni obìnrin yìí, Afínjú sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àbàwọ́n tí àwọn alágbàfọ̀ yòókù bá wò tí wọ́n mi orí sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Á fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, á da bíliìṣì lé e, á máa ṣépè fún un lábẹ́nú títí yóò fi lọ. Ohun tó bá ń yọ̀, tó bá ń rùn, tó bá ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, kò sí èyí tí kì í rí i lára.

Ni bàbá rẹ̀ bá ṣàìsàn. Inú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá náà ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́, àfìgbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì kọ̀ tí wọn ò gbé e mọ́. Afínjú gbé e wá sílé ara rẹ̀, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un ní yàrá tó kọjú síbi tí wọ́n ń sá aṣọ. Ó tọ́jú bàbá, ẹnikẹ́ni ò lè ní kò tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá tọ̀ sára, Afínjú á so aṣọ mọ́ imú, á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á fi kànìnkànìn ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, á sì gbé ojú tirẹ̀ sí ibòmíràn. Bàbá á kọjú sí ògiri. Kò tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mọ́ rárá, oúnjẹ náà kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ní ayé ló sú u, àti pé bí kò bá jẹun, kò ní pẹ́ kú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan ni, "Òkun dà?"

Lọmọ bá lọ ra òkun wálé. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ló bá a gbé àpótí gíláàsì ńlá kan sí ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ó da yanrìn funfun sí i, ó po omi iyọ̀ sí i, ó kó àwọn òkúta òkun jọ sínú rẹ̀, ó wá fi ẹja abilà méjì sí i, pẹ̀lú iyùn tó ṣì wà láàyè. Àṣé ohun tí àwọn èèyàn ń so mọ́rùn yẹn ní ẹ̀mí! Bàbá yí ojú kúrò lára ògiri. Ó jẹun tán lọ́jọ́ náà, ó tún ní kí wọ́n fi ẹran kún un.

Ayọ̀ yẹn ò tíì jinlẹ̀ tí ìdọ̀tí fi dé. Nǹkan kan tó dà bí ìgbẹ́ ọmọdé bo yanrìn. Nǹkan bí irun tútù wá hù lára òkúta, ó ń yọ̀, ó ń mì. Ara Afínjú bù máṣọ.

"Ṣíọ̀! Nínú ilé tèmi? Irú kí lèyí?"

Ó kó gbogbo òkúta jáde, ó kó wọn sínú ọpọ́n ìfọṣọ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti bíliìṣì bá wọn jà títí wọ́n fi funfun bí eyín. Ó kó wọn padà. Inú rẹ̀ dùn.

Ìgbà yẹn gan-an ni òórùn bẹ̀rẹ̀. Òórùn tó ń ta èèyàn nímú, bíi ti ilé ìtọ̀ tí wọ́n ti pa dé. Àwọn ẹja dìde sójú omi, wọ́n ń mí gúlegúle. Afínjú tún fọ òkúta. Bó ṣe ń fọ̀ tó ni òórùn ń le sí i. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ẹja léfòó, ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ yọ síta. Ọwọ́ tí Afínjú fi gbé e ló fi di ẹnu sáré lọ bì. Bàbá rí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ dé, ó ti kọjú sí ògiri.

Ẹ̀rù wá ba Afínjú. Ó ránṣẹ́ pe ọlọ́jà ẹja. Ìyẹn bu omi díẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó kán oògùn àyẹ̀wò sí i, omi sì di àwọ̀ ewé. Ojú ọkùnrin náà korò.

"Májèlé ni omi yìí. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe sí àwọn òkúta?"

"Mo fọ̀ wọ́n ni," ó fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. "Mo fi bíliìṣì fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní."

Ọlọ́jà ẹja ká ọwọ́ lérí. "Yé è! Ẹ ti pa wọ́n! Àwọn kòkòrò tójú ò lè rí ló ń gbé inú òkúta yẹn, àwọn ló ń jẹ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja. Ìdọ̀tí tí ẹ rí yẹn, gbogbo omi tuntun ló ń ṣe é, ó máa ń lọ fúnra rẹ̀."

Ó pààrọ̀ púpọ̀ nínú omi náà, ó kó òkúta òkú dànù, ó sì gbé òkúta láti inú àpótí tirẹ̀ wá. Ẹ gbà mí, òkúta burúkú! Ó ń da ikun, kòkòrò gígùn kan ń yọrí nínú ihò rẹ̀. Afínjú ti na ọwọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o," ni ọlọ́jà ẹja wí. "Bó bá dọ̀tí, ẹ jẹ́ kó dọ̀tí."

Ó fara dà á, ó fara dà á. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Nígbà tó yá, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ki ọwọ́ bọ omi.

"Fi í sílẹ̀."

Bàbá ni. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Bàbá, ẹ ò rí i bó ṣe—"

"Mo rí i. Bí o ṣe ń fọ̀ ọ́ yẹn náà lo ṣe ń fọ èmi náà."

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Afínjú. Ìgbà yẹn ló rí i pé bẹ́ẹ̀dì ti tutù. Bàbá ti tọ̀ sára láti òwúrọ̀, kò sì pe ẹnikẹ́ni, ojú ń tì í.

Afínjú bọ́ ìbọ̀wọ́. Kò wá aṣọ so mọ́ imú. Ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lásán wẹ bàbá rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. N ò ní purọ́ fún yín, ó ṣì ń rí i lára, ìtọ́ ń kún un lẹ́nu, ó ń gbé e mì. Ṣùgbọ́n ojú bàbá ló ń wò.

Nígbà tó wẹ̀ ẹ́ tán, bàbá ò kọjú sí ògiri. Ó ní kó gbé oúnjẹ wá.